Ìfẹ́ oníbàárà: bí ojú ẹni tó ń ra ẹyin ṣe ń pàṣẹ fún ẹni tó ń sin adìyẹ

Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́yin kan lọ́jà Nyanya, l'Ábújá, ẹ ó gbọ́ ọ: "Màmá, ṣé èyí tí inú ẹ̀ pọ́n ni?" Ohun tí à ń pè ní ìfẹ́ oníbàárà nìyẹn. Kì í ṣe ohun téèyàn fẹnu lásán sọ pé òun fẹ́ràn o. Ohun tó mú nínú méjì, tó sì sanwó fún, ni.

Ẹlẹ́yin á gbé ìbéèrè yẹn dé ọ̀dọ̀ ọlọ́sìn. Ọlọ́sìn sì mọ̀ pé oúnjẹ ló ń pa inú ẹyin láró. Àgbàdo pupa ní aró yìí, ewéko tútù náà ní in. Àmọ́ tó bá jẹ́ àgbàdo funfun tàbí ọkà bàbà, tó pọ̀ lókè Ọya níbí, ni adìyẹ ń jẹ ṣáá, inú ẹyin rẹ̀ kò ní pọ́n. Nítorí náà, ọlọ́sìn á wá àgbàdo pupa kiri, kódà bó bá wọ́n, tàbí kó po ìyẹ̀fun aró mọ́ oúnjẹ. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, inú ẹyin ti yí padà.

Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa rò pé pípọ́n yẹn ló ń fi hàn pé ẹyin ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Rárá o. Ẹ sọ ọ́ sínú omi: èyí tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé á rì, á sùn sílẹ̀, èyí tó ti pẹ́ á nàró tàbí kó léfòó.

Ti àwọ̀ èèpo kò yá bẹ́ẹ̀, torí irú adìyẹ ló ń pinnu rẹ̀. Isa Brown ń yé aláwọ̀ pupa, Leghorn ń yé funfun, oúnjẹ inú méjèèjì kò sì yàtọ̀. Ọlọ́sìn tó bá fẹ́ pààrọ̀ èèpo gbọ́dọ̀ ra òròmọdìyẹ tuntun, kó sì bọ́ ọ fún nǹkan bí oṣù márùn-ún kó tó rí ẹyin àkọ́kọ́.

Ẹyin àkọ́kọ́ yẹn máa ń kéré. Ó rí olùrà tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mai shayi, ìyẹn àwọn onítíì tó ń din ẹyin létí títì, torí iye ẹyin ni oníbàárà wọn ń kà, kì í wọ̀n ọ́n.

Ẹyin awó nìkan ni ìfẹ́ wa ò fi bẹ́ẹ̀ rí mú. Èèyàn púpọ̀ níbí fẹ́ràn rẹ̀ ní bíbọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni awó ń yé jù. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, owó yòówù ká na sókè, díẹ̀ náà la ó rí rà.