Bí Àtẹ Ọrọ̀ Ajé Ṣe Di Òṣùwọ̀n Ìdọ̀tí

Ní ọdún 1936, Wassily Leontief, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Harvard, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó fi to gbogbo iṣẹ́ ajé Amẹ́ríkà ti ọdún 1919 sínú àtẹ kan, kí ó lè hàn kedere ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rà lọ́wọ́ èkejì kí ó tó lè ṣe tirẹ̀ jáde. Ẹni tó ń rọ irin nílò èédú, awakùsà èédú náà sì nílò irin. Àtẹ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1973. Ṣùgbọ́n èéfín kò ní àyè nínú rẹ̀ rárá, nítorí kò sí ẹni tó ń tà á, kò sì sí ẹni tó ń rà á.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn ti gbìyànjú àtúnṣe lórí èyí, John Cumberland ní 1966, Herman Daly ní 1968, àmọ́ àpilẹ̀kọ tí Leontief fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1970 ló fẹsẹ̀ ọ̀nà náà múlẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò ju iṣẹ́ méjì lọ: oko àlìkámà àti ilé-iṣẹ́ aṣọ. Ó ní kí a gbà pé oko ń tú ìdajì gíráàmù ìdọ̀tí jáde lórí òṣùwọ̀n àlìkámà kan, tí ilé-iṣẹ́ aṣọ sì ń tú gíráàmù 0.2 jáde lórí yáàdì kan. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ aṣọ ń lo ohun oko, oko náà sì ń lo ohun ilé-iṣẹ́, nítorí náà, bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ dé gbòǹgbò, yáàdì aṣọ kan tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á ti mú nǹkan bí gíráàmù 0.58 wá, èyí tó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tó hàn sójú. Níbí gan-an ni mo ti rí iyì iṣẹ́ ọkùnrin yìí: ó fi nọ́ńbà gbé ìdọ̀tí tó fara pa mọ́ sẹ́yìn ọjà síta. Ó tún fi iṣẹ́ kẹta kún àtẹ náà, ìyẹn iṣẹ́ mímú ìdọ̀tí kúrò, nítorí iṣẹ́ ìmọ́tótó pàápàá ń lo òṣìṣẹ́ àti ohun èlò.

Ní 1972, òun àti Daniel Ford fi ọ̀nà yìí ṣírò oríṣi ẹ̀gbin afẹ́fẹ́ márùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní ìlú Pittsburgh, sọ ọ́ di ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn lè tẹ iye dọ́là ọjà sínú rẹ̀ kí ó sì rí ìdọ̀tí tí ọjà náà fà káàkiri ẹ̀ka iṣẹ́ gbogbo. Síbẹ̀, ìpíndọ́gba ni àtẹ náà ń lò: ilé-iṣẹ́ tó ń fi èédú dáná àti èyí tó ń fi iná mànàmáná agbára omi ṣiṣẹ́ jọ wà lórí ìlà kan náà ni, bí ọjà wọn bá ti bára mu.