Kòkòrò inú ikùn àti làkúrègbé: ibo ni wọ́n ti pàdé?

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tí oríkèé ń ro ní Iléṣà: pé kòkòrò tó ń dá ọgbẹ́ sí ikùn náà ló ń rìn lọ sí orúnkún àti ọwọ́, pé ẹni tó bá ti lo oògùn tó pa á, làkúrègbé rẹ̀ tán nìyẹn. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta àgbo ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan tó ń ta oògùn òyìnbó. "Màmá, ẹ wo ìwé àyẹ̀wò yín, póṣítíìfù ló gbé jáde. Òun náà ló ń da orúnkún yín láàmú." "Họ́wù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi?" Màmá á tú owó létí ìró.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìpìlẹ̀ kankan. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn oníṣègùn ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ohun tí wọ́n rí kò tó ohun tí wọ́n tà fún màmá.

Kòkòrò tí a ń sọ ni Helicobacter pylori, tí àwọn dókítà ń gé kúrú sí H. pylori. Bakitéríà ni, ojú lásán kò lè rí i. Ásíìdì inú àpòlúkù máa ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tí a bá gbé mì pọ̀ mọ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n eléyìí gbọ́n: ó ní èròjà kan tó fi ń sọ yúríà di amóníà, amóníà náà á sì ṣẹ́ agbára ásíìdì tó yí i ká. Á wá wọ abẹ́ omi yíyọ̀ tó bo ara àpòlúkù, á fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó o, nínú ilé, láti ara òbí tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí nípasẹ̀ omi àti oúnjẹ tí kò mọ́. Tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè bá èèyàn dọjọ́ alẹ́. Nǹkan bí ìdajì ènìyàn ayé ló ní i nínú, tiwa nílẹ̀ Áfíríkà sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò mọ̀, torí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Tẹ́lẹ̀, ìrònú àti ata ni wọ́n ń dá lẹ́bi ọgbẹ́ inú. (Ata ṣì ń jẹ́ ẹjọ́ náà nílé tiwa títí dòní.) Robin Warren àti Barry Marshall, dókítà méjì ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ tọ́jú kòkòrò náà títí ó fi hù nínú àwo àyẹ̀wò ní 1982. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ò gbà wọ́n gbọ́. Ni Marshall bá po omi tí kòkòrò náà kún fọ́fọ́, ó gbé e mu ní 1984. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ń bì, èémí rẹ̀ ń rùn, nígbà tí wọ́n sì yọ díẹ̀ nínú ẹran ikùn rẹ̀ wò, ó ti wú. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Láti ìgbà tí Marshall ti mu omi yẹn ni àwọn oníṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, tí kòkòrò bá lè wà lẹ́yìn àìsàn tí gbogbo ayé rò pé ìrònú ló fà á, àwọn àìsàn mìíràn wo ló tún lọ́wọ́ sí? Wọ́n wá gbé H. pylori lọ sẹ́nu ọ̀nà àìsàn tó pọ̀. Ẹnu ọ̀nà làkúrègbé wà lára wọn.

Ibí yìí ni ó ti yẹ ká ya nǹkan sọ́tọ̀, torí làkúrègbé tí à ń pè kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Orúnkún tó ń dun ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó ti ru ẹrù, tó ti gun òkè, tó ti dúró nídìí ọjà láti ìgbà ọmọge, kò sábà ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kòkòrò rárá. Ohun rírọ̀ tó bo orí egungun ló ti jẹ tán. Tó bá rìn púpọ̀, á dùn. Tó bá sinmi, á rọlẹ̀. Kò sí oògùn apakòkòrò kankan tó lè tún irú orúnkún bẹ́ẹ̀ ṣe.

Èyí tí àwọn oníṣègùn ń so mọ́ kòkòrò ni èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis. Nínú èyí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, ìyẹn ètò tó ń bá kòkòrò jà nínú wa, ló kọjú ìjà sí awọ tó wà nínú oríkèé. Oríkèé á wú, á gbóná, á le. Ọwọ́ ló sábà ń mú, oríkèé kéékèèké inú ìka, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ á ti le gan-an, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣeé ká. Kì í sábà ju ènìyàn 1 lọ nínú 100, àwọn obìnrin ló sì ń mú jù. Ó lè mú ọ̀dọ́. Tí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó ń jẹ egungun, ìka á sì wọ́.

Báwo wá ni kòkòrò tó jókòó sí ikùn ṣe lè da oríkèé rú láì dé ibẹ̀? Ó ṣeé ṣe, ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni. Àwọn kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru bíi Salmonella, Shigella àti Campylobacter máa ń ṣe é. Ènìyàn á ya ìgbẹ́, á san, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ á dédé wú. Chlamydia, tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fa omi inú oríkèé náà wò, wọn kì í rí kòkòrò tó lè hù níbẹ̀. Ìjà tí ara bẹ̀rẹ̀ nínú ìfun ló gba oríkèé kọjá. H. pylori kò sí lára àwọn kòkòrò tí wọ́n mọ̀ mọ́ irú èyí.

Ọ̀nà kejì ni ti àṣìmú. Ẹ fojú inú wo ọlọ́dẹ tí wọ́n sọ fún pé olè wọ aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé wọ inú òde. Gbogbo ẹbí tó wọ aṣọ náà ló máa jẹ lára ọ̀pá rẹ̀. Kòkòrò kan lè ní èròjà kan lára tó jọ èròjà ara wa, ara á sì máa lu méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ọ̀nà ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní streptococcus ṣe ń dá ibà oríkèé sílẹ̀ lára àwọn ọmọdé, tó sì lè ṣèpalára fún ọkàn àyà wọn. Èyí ti dájú, kò sí iyàn ńbẹ̀.

Àbá tí wọ́n dá nípa H. pylori nìyí: ó ń gbé nínú ikùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara sùn, bóyá nínú àìsùn yẹn ni wọ́n ti ń ṣi oríkèé mú. Ohun kan wà tó jẹ́ kí àbá náà ní ìtumọ̀. Àìsàn kan wà tí ara ti ń pa plátílẹ́ẹ̀tì, èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, run fúnra rẹ̀. Nínú àwọn kan tó ní i, tí wọ́n bá ti lé H. pylori lọ, plátílẹ́ẹ̀tì wọn á pọ̀ padà. Kòkòrò náà lè ti ara sí ìwà àìtọ́, nígbà náà.

Ti làkúrègbé ni kò yé. Ní Ítálì, àwọn olùwádìí kan ròyìn ní 2002 pé àwọn alárùn oríkèé tí wọ́n lé H. pylori kúrò nínú wọn gbádùn díẹ̀ sí i. Èèyàn ibẹ̀ kò pọ̀. Àwọn mìíràn dán irú rẹ̀ wò, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Àìsàn oríkèé yìí náà ní ìṣe tirẹ̀: ó ń lọ, ó ń bọ̀, oṣù tó bá sì wù ú ni yóò rọlẹ̀. Ẹni tó lo oògùn kòkòrò lóṣù tó rọlẹ̀ yóò búra pé oògùn ni. Lójú tèmi, kòkòrò ẹnu tó ń jẹ ẹran ìdí eyín ní ẹ̀rí tó lágbára ju ti inú ikùn lọ: Porphyromonas gingivalis ní èròjà tó ń yí púrótéènì ara wa padà sí irú èyí gan-an tí ara àwọn alárùn oríkèé ń gbógun tì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ta àyẹ̀wò eyín fún màmá.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ìwé àyẹ̀wò tó ní póṣítíìfù yẹn. Ká ní ènìyàn 7 nínú gbogbo 10 tó ń kọjá lójú ọ̀nà ló ní kòkòrò náà. Tí ẹ bá ṣa alárùn oríkèé 10 jọ, ẹ ó rí i lára 7, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ó rí i lára awakọ̀ 7 nínú 10 pẹ̀lú. Kí ẹ tó lè fẹ̀sùn kàn án, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ lára àwọn alárùn ju ara àwọn tó kù lọ, èyí gan-an sì ni àwọn ìwádìí ò fẹnu kò lé lórí.

Ibi tí ikùn àti oríkèé ti pàdé dájúdájú ni inú àpò oògùn. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí à ń rà nítorí oríkèé ríro, máa ń dín èròjà tó ń dáàbò bo ara àpòlúkù kù. Tí H. pylori bá tún wà níbẹ̀, ewu ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ inú á pọ̀ ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tí oríkèé ń ro ló sábà ń ní ikùn tó ń ta: oríkèé ló gbé oògùn wá, oògùn ló ba ikùn jẹ́. Ìtàn tí wọ́n sọ fún màmá dorí kodò. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹnìkan bá bi ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lóòjọ́ náà.

Ẹni tó fẹ́ lo irú oògùn wọ̀nyí fún ìgbà pípẹ́, pàápàá tó ti ní ọgbẹ́ inú rí, ló yẹ kó bi dókítà nípa àyẹ̀wò H. pylori. Wọ́n á lé e pẹ̀lú oògùn tó ń dín ásíìdì kù àti oríṣi apakòkòrò méjì, ó kéré tán, ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà ń lò ó, kò sì yẹ kí a já a láàárín. Ẹni tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ń le láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìyẹn. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà àti ilé ìwòsàn ńlá ti Ilé-Ifẹ̀ wà lábẹ́ OAUTHC kan náà, ìyẹn àjọ ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kó lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní methotrexate, oògùn tó ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lẹ́kun, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo ti oríkèé, kì í ṣe lójoojúmọ́, kó má sì pa á tì nítorí pé ẹnìkan ní kòkòrò inú ni.

Ní ti ìwé póṣítíìfù tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, ohun tó ń wò ni bóyá ara ti bá kòkòrò náà jà rí, ó sì lè máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti lọ, àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́ ni kí ẹ béèrè, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn apakòkòrò, kí ẹ sì ti dá omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì kù, dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.