Ìdàgbàsókè ọmọ láti inú oyún sí ìgbà ìkókó

Ìdàgbàsókè ọmọ ni àyípadà tó ń bá ara, ọpọlọ àti ìwà ọmọ láti ìgbà tí àtọ̀ bá ti wọ ẹyin. Ọ̀pọ̀ ohun tí ìkókó ń ṣe lọ́jọ́ tí a bí i ló ti ń ṣe nínú ilé ọmọ: ó ti ń fẹnu fa ìka, ó ti ń gbé omi mì, ó sì ti ń gbọ́ ohùn.

Nínú oyún

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí àtọ̀ bá wọ ẹyin, ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré náà á lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ. Ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní nǹkan bí ọjọ́ 22. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ 28, ọ̀pá oníhò tí yóò di ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn á ti pa ojú dé. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ rárá pé àwọn lóyún nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún obìnrin tó ń wá oyún pé kó ti máa lo folic acid, fítámìn tó ń ran ọ̀pá náà lọ́wọ́ láti pa ojú dé, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, kí oyún tó dúró. Bí ojú ọ̀pá náà bá kọ̀ tí kò dé, èyí tí wọ́n bá lò lẹ́yìn náà kò lè pa á dé mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà ara ń fara hàn, ìgbà náà ni oògùn sì tètè máa ń ba ọlẹ̀ jẹ́. Thalidomide, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 1957, tí àwọn aláboyún sì ń lò sí èébì, sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ di ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn tó, kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní 1961.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 22 ni ìyá sábà máa ń mọ̀ pé ọlẹ̀ sọ. (Ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìgbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ni dókítà fi ń ka ọ̀sẹ̀ oyún, nítorí náà iye rẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì ju ọjọ́ orí ọlẹ̀ gan-an lọ.) Ọmọ ti ń mira tipẹ́ kó tó dìgbà náà, ara rẹ̀ ló kéré jù. Etí ń gbọ́ràn kí oyún tó pé oṣù méje. Ní 1980, àwọn olùṣèwádìí méjì, Anthony DeCasper àti William Fifer, fi ọmú rọ́bà sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú náà ló ń pinnu bóyá ohùn ìyá rẹ̀ tàbí ti obìnrin mìíràn ló máa gbọ́. Púpọ̀ nínú wọn yí bí wọ́n ṣe ń fà á padà kí wọ́n lè gbọ́ ti ìyá wọn.

Lẹ́yìn ìbí

Ìkókó máa ń fọn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kì í sì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó padà sí ìwọ̀n tí a bí i. Ohun tó wà ní 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ló ń rí dáadáa jù, bí ojú ẹni tó gbé e lọ́wọ́. Bí nǹkan bá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò yíjú síbẹ̀, yóò sì la ẹnu. Àwùjẹ̀ iwájú orí rẹ̀ sábà máa ń dí kó tó pé ọdún kan ààbọ̀. Àlàfo náà ló ń fún ọpọlọ láyè láti dàgbà.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́rin, ọrùn á ti le. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé yàtọ̀: ọjọ́ tó yẹ kí a bí i ni wọ́n fi ń ṣírò fún un, títí yóò fi pé bí ọdún méjì. Èyí tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣíwájú ọjọ́ rẹ̀, tó sì ti lo oṣù mẹ́rin láyé, ọmọ oṣù méjì ló yẹ kí wọ́n fi wé.