Etí ni plasma ti ń yọ́ jáde lára Oòrùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Oòrùn kì í tu nǹkan jáde àfi tó bá bú gbàmù. Ìbúgbàmù ló kúkú ń dé inú ìròyìn. Ṣùgbọ́n ní sàkáání àwọn àpá dúdú ojú Oòrùn, níbi tí agbára òòfà ti le jù, plasma, ìyẹn gáàsì gbígbóná janjan tí iná mànàmáná wà lára rẹ̀, lè máa ṣàn jáde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsí ariwo. Àárín agbègbè náà tó ń tàn yòò kọ́ ló sì ń gbà jáde o. Etí ni, níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀.

Plasma kì í rìn bó ṣe wù ú. Ipa òòfà ló ń tọ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń tọ okùn tí a sín in sí. Láàárín, orí okùn méjèèjì so mọ́ Oòrùn: ìlẹ̀kẹ̀ tó gòkè níhìn-ín, ọ̀hún ni yóò sọ̀ sí. Létí, àwọn okùn kan ṣí sójú òfurufú, ìlẹ̀kẹ̀ sì ń yọ́ lọ. Nígbà mìíràn, okùn tó so á pàdé èyí tó ṣí, àwọn méjèèjì á já, wọ́n á pààrọ̀ orí, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà ní ìdè á sì rọ́nà lọ. Àwọn okùn kan wà tó jọ pé wọ́n ṣí, àṣé ibi jíjìn lójú Oòrùn ni wọ́n lọ so sí. Gbogbo ohun tó gòkè kọ́ ló lọ.

Sátẹ́láìtì Hinode, tí Jàpáànù rán lọ sókè ní 2006, ló jẹ́ kí èyí hàn kedere. Irin inú plasma náà, tí ooru tó lé ní mílíọ̀nù kan digiri ti gba electron 11 lára átọ́ọ̀mù rẹ̀, máa ń tan ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 19.5. Bí plasma bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì náà á fi ìdá kan nínú 10,000 kúrú. Bíńtín yẹn ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Èyí tó bá sì ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kò lè rí i.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rí èròjà inú plasma fọkàn ẹni balẹ̀ ju ti eré sísá lọ. Eré lè yí padà lójú ọ̀nà; ìwọ̀n èròjà kì í yí mọ́ tó bá ti kúrò lára Oòrùn. Ní December 2007, Hinode wo etí ọ̀kan lára irú agbègbè bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 10978: tí a bá fi imí-ọjọ́ díwọ̀n rẹ̀, sílíkọ́nì tó wà níbẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti ojú Oòrùn. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, sátẹ́láìtì ACE, tó wà nítòsí Ayé, bá irú ìwọ̀n kan náà pàdé nínú afẹ́fẹ́ Oòrùn tí kò yára, ìyẹn plasma tó ń ṣàn láti ara Oòrùn wá.