Ẹ Jẹ́ Kí Páìpù àti Bíìmù Jà Tán Lórí Kọ̀ǹpútà

Ìró òòlù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo dé sáìtì kan ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí òòlù tún máa dún níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti da dẹ́kíìnì, ó ti gan, wọ́n sì ti tú pákó abẹ́ rẹ̀. Púlọ́ńbà ló wà lórí àkàbà, tó ń gbẹ́ ihò gba àárín bíìmù, ìyẹn kọnkéré ìdábùú tó gbé dẹ́kíìnì ró, kọjá. Páìpù ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ òkè, mìlímítà 110, kò rí ọ̀nà míì gbà. Irin ti yọjú síta nínú bíìmù, ó sì ti gé ọ̀kan. Mo ní kó sọ̀kalẹ̀. Ó na pláànù rẹ̀ sí mi: ibi tí wọ́n ya páìpù sí gan-an ló ń gbé e gbà. Mo wo pláànù ẹnjiníà: ibi tí wọ́n ya bíìmù sí náà ni bíìmù wà. Inú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ya méjèèjì sí, kò sì sẹ́ni tó gbé ọ̀kan lé èkejì wò.

Irú ìjà báyìí ni BIM (Building Information Modelling), ìyẹn kíkọ́ ilé lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó kọ́ ọ nílẹ̀, wà fún. Ọ̀pọ̀ onílé rò pé BIM ni àwòrán aláràbarà tí wọ́n fi ń polówó ilé, èyí tí wọ́n máa ń gbé mọ́tò olówó ńlá sí iwájú rẹ̀. Ẹ má sanwó BIM fún ẹni tó bá gbé ìyẹn wá fún yín. Ògiri inú àwòrán yẹn ò ju àwọ̀ lásán lọ. Ní ti BIM, ilé náà la ń kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ògiri kọ̀ọ̀kan sì gbé àlàyé ara rẹ̀ dání: bó ṣe nípọn tó, irú búlọ́ọ̀kù tí wọ́n máa fi mọ ọ́n, fèrèsé tó wà lára rẹ̀.

Ká ní ilé kan ní fèrèsé 20, tí fífẹ̀ àti gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.2. Onílé wá dé, ó ní kí wọ́n sọ fífẹ̀ rẹ̀ di mítà 1.8. Lórí pláànù ti tẹ́lẹ̀, a ó tún ojú ilẹ̀ yà, a ó tún iwájú àti ẹ̀gbẹ́ yà, a ó tún iye fèrèsé kọ, ẹnìkan á sì gbàgbé ọ̀kan nínú wọn. Nínú ilé orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀kan la ó yí i, gbogbo ìwé tó kù á yí tẹ̀lé e. Iye búlọ́ọ̀kù pàápàá á dín ní nǹkan bí 140, torí ògiri tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, máa ń jẹ nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù 10.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àkópọ̀. Ẹnjiníà á ṣe òpó àti bíìmù tirẹ̀, oníná á ṣe wáyà, púlọ́ńbà á ṣe páìpù. A ó kó gbogbo rẹ̀ lé ara wọn, kọ̀ǹpútà á sì wá gbogbo ibi tí wọ́n ti gún ara wọn. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn, ìkọlù tó máa kọ́kọ́ jáde lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ má jáyà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tó nǹkan. Àwọn míì ò tiẹ̀ fara kanra: ilẹ̀kùn tó máa lu àwo ìyàgbẹ́ bí ẹ bá ṣí i, ẹ̀rọ amúlétutù tí ọwọ́ ò ní tó láti fọ̀. Lẹ́yìn náà la ó jókòó yíká tábìlì, ká pinnu ta ló máa yẹ̀ fún ta. Omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ máa dagẹ̀rẹ̀ lọ, kò ní ẹ̀rọ tó ń tì í. Wáyà ṣeé tẹ̀ síbi tó bá wuni. Nítorí náà, wáyà ló máa ń yẹ̀ fún páìpù ìdọ̀tí, inú oníná ì báà dùn, ì báà má dùn.

A tún lè so bíìmù àti ògiri kọ̀ọ̀kan mọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́ ọ àti owó tó máa jẹ. Ẹni tó wà ní London tó ń kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Àbúrò á fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé a ti dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, owó sì ti tán. Bí ilé bá wà lórí kọ̀ǹpútà, onílé á mọ iye búlọ́ọ̀kù tó gbé ògiri dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì kó tó fọwọ́ kan fóònù.

Ní 2011, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé tó bá máa fi di 2016, gbogbo ilé tí ìjọba àpapọ̀ bá ń gbé jáde gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà yìí. Ìlànà àgbáyé rẹ̀, ISO 19650, jáde ní 2018. Ohun tó ká ìlànà yẹn lára jù ni ta ló ni fáìlì wo, èwo ló jẹ́ tuntun, àti ta ló fọwọ́ sí i. Bíi ṣẹréṣẹré ló rí, àfi tí ẹ bá rántí ọkọ̀ òfurufú Airbus A380. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wáyà rẹ̀ ní Hamburg ń lo ẹ̀dà kẹrin CATIA, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ti Toulouse ń lo ìkarùn-ún. Wáyà ọkọ̀ kan tó kìlómítà 530. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, wáyà ò gùn dé ibi tó ń lọ. Ó dá iṣẹ́ náà dúró fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún onílé pé kí wọ́n gba fáìlì IFC, ìyẹn fáìlì tó gbé ilé orí kọ̀ǹpútà náà dání, lọ́wọ́ ayàwòrán-ilé wọn, yàtọ̀ sí PDF. Ètò tó pọ̀ ló lè ṣí i, bí ẹ bá sì pààrọ̀ ayàwòrán, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní tàn yín o. Bí ilé yín bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ oníyàrá mẹ́ta, pláànù tó mọ́ ti tó, ẹ fi owó tó kù ra irin gidi. Kọ̀ǹpútà ò mọ bí ilẹ̀ ṣe rọ̀ tó bí ẹ ò bá yẹ ilẹ̀ wò. Kò sì lè rí ẹni tó fi irin mìlímítà 12 síbi tí a kọ 16 sí. Bí ọ̀gá sáìtì bá sún páìpù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹnikẹ́ni ò sún un lórí kọ̀ǹpútà, ilé orí kọ̀ǹpútà ti di irọ́ kí Ọjọ́rú tó mọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: orúkọ ẹni tó máa ń tún un ṣe, àti iye ìgbà tó máa ṣe é lóṣù.

Bíìmù Ìbàdàn yẹn ńkọ́? A fi igi gbé dẹ́kíìnì ró, ẹnjiníà ní ká fọ́ ibẹ̀, a so irin míì mọ́ ọn, a sì tún un dà. Onílé ló sanwó. Páìpù yẹn, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré la sún un sí ọ̀tún.