Òfin Pẹ́náritì nínú Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Kò-mẹsẹ̀-ó-yọ

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, oríṣi pẹ́náritì méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí rẹfirí ń fún ẹgbẹ́ kan nígbà tí alátakò bá ṣẹ̀ ẹ́ nínú bọ́ọ̀kìsì. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ tí yóò tẹ̀ síwájú nígbà tí eré kò-mẹsẹ̀-ó-yọ bá parí sí ọ̀mì, tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní pẹ́náritì ọ̀mì. Láti ibì kan náà ni wọ́n ti ń gbá méjèèjì, mítà 11 sí ojú ilé, ṣùgbọ́n òfin kẹrìnlá ló dá lé ti inú eré, òfin kẹwàá ló sì dá lé ti ọ̀mì. Àṣìpa tí àwọn òǹwòran ń pa méjèèjì pọ̀ ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú awuyewuye tó máa ń wáyé lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀.

Pẹ́náritì inú eré ni àgbà. Ọdún 1891 ni IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù láti ọdún 1886, fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí William McCrum, aṣọ́lé kan láti Ireland, dá àbá rẹ̀. Ti ọ̀mì kò wọnú òfin títí di oṣù kẹfà ọdún 1970. Kí ó tó dé, wọ́n lè tún eré gbá lọ́jọ́ mìíràn, bí ọjọ́ kò bá sì gbà wọ́n láyè, owó ẹyọ ni wọ́n ń jù sókè. Bí Ítálì ṣe wọ àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 1968 nìyẹn: òun àti Sófíẹ́tì gbá ìṣẹ́jú 120 ní ìlú Naples láìsí góòlù kankan, wọ́n ju owó sókè, ojú tí Giacinto Facchetti, balógun Ítálì, mú ló sì jáde. Sófíẹ́tì pàdánù ààyè àṣekágbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà wọ́n nínú eré náà. Nínú Ife Àgbáyé, ọdún 1982 ni pẹ́náritì ọ̀mì àkọ́kọ́ wáyé, nígbà tí Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn fi yọ Faransé ní ìlú Seville.

Òfin kẹwàá kò sọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n gbá pẹ́náritì ọ̀mì. Ìlànà ìdíje kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti ń dojú rú fún àwọn olólùfẹ́ Super Eagles. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Nàìjíríà àti Gánà pàdé lẹ́ẹ̀mejì nítorí Ife Àgbáyé ti Qatar. Òdo sí òdo ni wọ́n gbá ní Kumasi. Ní Abuja, Thomas Partey gbá tirẹ̀ wọlé fún Gánà, William Troost-Ekong sì fi pẹ́náritì inú eré dá a padà, ó di 1-1. Eré méjèèjì jẹ́ ọ̀mì, àròpọ̀ góòlù wọn sì dọ́gba, síbẹ̀ kò sí àfikún àkókò, kò sì sí pẹ́náritì ọ̀mì: ìlànà ìdíje náà ni pé bí àròpọ̀ bá dọ́gba, ẹgbẹ́ tó gbá góòlù jù nílé onílé ló borí, góòlù tí Gánà gbá ní Abuja ló sì gbé e lọ sí Qatar. Bó bá jẹ́ ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lábẹ́ UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ni, tí wọ́n ti fagi lé ìlànà yẹn ní ọdún 2021, àfikún ìṣẹ́jú 30 ni ì bá tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, Nàìjíríà tún wà nínú eré àṣeyọ̀ǹda Ife Àgbáyé, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú DR Congo ní ìlú Rabat. Eré ẹyọ kan péré ni, ọ̀mì 1-1 ni wọ́n ta lẹ́yìn ìṣẹ́jú 120, DR Congo sì borí pẹ̀lú pẹ́náritì 4-3.

Eré Rabat yìí fi òfin nípa ẹni tó lè kópa hàn kedere. Kìkì àwọn tó wà lórí pápá nígbà tí eré parí, tàbí tí wọ́n kúrò fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìpalára tàbí ohun èlò, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá a. Ìdí nìyẹn tí akọ́nimọ̀ọ́gbá DR Congo fi gbé aṣọ́lé mìíràn, Timothy Fayulu, wọlé kí fèrè ìkẹyìn tó dún. Bí fèrè bá ti dún, ẹ̀pa kò bóró mọ́, àyàfi bí aṣọ́lé bá fara pa débi tí kò lè tẹ̀ síwájú. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti pàdánù ènìyàn, èkejì gbọ́dọ̀ yọ tirẹ̀ kúrò kí iye wọn lè dọ́gba. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń gbá, wọn yóò sì dáwọ́ dúró bí ẹgbẹ́ kan kò bá lè bá èkejì mọ́. Bí ó bá ṣì dọ́gba, wọn yóò máa gbá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó lè gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì àyàfi bí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan aṣọ́lé, bá ti gbá tiwọn. Káàdì yẹ́lò tí ẹnì kan gbà nínú eré kì í tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀. Nínú eré, bí aṣọ́lé bá ta pẹ́náritì dànù, ẹni tó gbá a lè sáré tẹ̀ lé e kó sì gbá a wọlé. Nínú pẹ́náritì ọ̀mì, ó ti parí fún un. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, kò gbọ́dọ̀ fara kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì kí ẹlòmíràn tó fara kàn án. Òfin yìí ni Julián Álvarez ti Atlético Madrid kọsẹ̀ lé lórí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2025, nínú pẹ́náritì ọ̀mì pẹ̀lú Real Madrid nínú ìdíje Champions League. Bí ó ṣe fẹ́ gbá a, ẹsẹ̀ òsì tó fi dúró yọ̀, bọ́ọ̀lù sì kan ẹsẹ̀ náà díẹ̀ kí ó tó wọ àwọ̀n. Àwọn òǹwòran ń yọ̀ nígbà tí VAR, àwọn rẹfirí tó ń fi fídíò yẹ eré wò, fagi lé góòlù náà, Real Madrid sì borí 4-2. Ohun tí òfin wí nígbà náà ni wọ́n ṣe, àmọ́ ó ṣòro láti sọ pé ẹni tí ẹsẹ̀ yọ̀ ti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. IFAB náà rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n ṣàlàyé pé bí irú rẹ̀ bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ tí bọ́ọ̀lù sì wọlé, kí ó tún un gbá. Bí kò bá wọlé nínú pẹ́náritì ọ̀mì, kí wọ́n kà á sí òfo.

Kì í ṣe gbogbo awuyewuye ló wá láti inú òfin. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ta ọ̀mì 2-2 nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà ní pápá ìṣeré Surulere ní Èkó. Nínú pẹ́náritì ọ̀mì tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù tí Victor Ikpeba ti Nàìjíríà gbá lọ kọ́ irin òkè ilé lábẹ́, ó já wálẹ̀, ó sì fò padà síta. Rẹfirí, ọmọ Tùnísíà, ní kò wọlé. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n fi hàn pé ó ti kọjá ìlà. Rigobert Song ló gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, Kamẹrúùnù sì gba ife pẹ̀lú 4-3. Gbogbo ará bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá ìlà, òfin yẹn kò yí padà rí. Ojú ènìyàn ni kò tó. Oṣù keje ọdún 2012 ni IFAB ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń sọ fún rẹfirí bí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé.

Nínú àkọsílẹ̀, eré tó bá parí pẹ̀lú pẹ́náritì ọ̀mì ṣì ń jẹ́ ọ̀mì, góòlù ibẹ̀ kì í sì í wọ iye tí wọ́n ń kà fún agbábọ́ọ̀lù. Góòlù mẹ́jọ ni Kylian Mbappé fi gba ẹ̀bùn ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù nínú Ife Àgbáyé ọdún 2022. Pẹ́náritì méjì tó gbá wọlé láàárín ìṣẹ́jú 120 àṣekágbá pẹ̀lú Ajẹntínà wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta, tó gbá sí aṣọ́lé kan náà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ta ọ̀mì 3-3, kò sí níbẹ̀.