Ohun tó mú kí àwọn oníyèméjì gba iṣẹ́ Sakaguchi gbọ́

Ní ọdún 1995, Shimon Sakaguchi àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Jàpáánì tẹ ìwádìí kan jáde nínú Journal of Immunology. Wọ́n ní láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó máa ń bá àrùn jà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe ìjà rárá: àwọn ló ń dá àwọn yòókù lẹ́kun kí wọ́n má baà dojú ìjà kọ ara tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Treg ni wọ́n ń pe irú sẹ́ẹ̀lì yìí lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwádìí ló sì ti tọ́ka sí iṣẹ́ ọdún náà. Lóṣù October 2025, wọ́n kéde pé Sakaguchi, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn. Àmọ́ nígbà tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde, àwọn tó fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ó nídìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Richard Gershon ní Yunifásítì Yale ti ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì T kan lè máa tẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ba. Ọ̀pọ̀ láàbù ló dá sí i, ìwé sì jáde rẹpẹtẹ. Wọ́n tilẹ̀ dárúkọ èròjà kan, I-J, pé òun ni wọ́n fi ń dá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ mọ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ jíìnì lọ wo ibi tí wọ́n ní jíìnì I-J wà, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tú nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Sakaguchi kò kọ ẹ̀yìn sí i, nítorí ohun tó ń rí lára eku. Thymus ni ẹ̀yà ara kékeré inú àyà tí sẹ́ẹ̀lì T ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lára ọmọ eku ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i, ara eku náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Bí wọ́n bá sì tètè fún un ní sẹ́ẹ̀lì T láti ara eku àgbà tí ara rẹ̀ le, ìjà náà kì í wáyé. Ó kù kí wọ́n mọ èwo gan-an nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń ṣiṣẹ́ náà.

Ìdánwò 1995 ló wá fi hàn. Wọ́n kíyè sí i pé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 (irú sẹ́ẹ̀lì T kan) tó wà lára eku tí kò ṣàìsàn ló ní èròjà kan lára tó ń jẹ́ CD25. Wọ́n fi antibody, ìyẹn èròjà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó, ṣa àwọn wọ̀nyẹn kúrò, wọ́n wá fi ìyókù sára eku tí kò ní thymus láti inú ìyá rẹ̀ wá. Àìsàn bẹ́ sílẹ̀: nínú ikùn, nínú thyroid tó wà lọ́rùn, àti láwọn ibòmíràn. Eku mìíràn gba ìyókù yẹn bákan náà, àmọ́ wọ́n tètè dá àwọn oní-CD25 padà fún un. Àìsàn kò ṣe é.

Lára CD25 yìí ni agbára ìwé náà wà. Ó dà bí ilà ojú: ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ ilà náà lè dá ọmọ onílà mọ̀ láàárín èrò. Láàbù èyíkéyìí tó bá ní antibody CD25 lọ́wọ́ lè ṣa sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀, kó wò ó bóyá òótọ́ ni. I-J kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ethan Shevach, tó wà ní NIH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí kò gba ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń dáni lẹ́kun gbọ́. Ó dán an wò. Ní 1998, òun àti Angela Thornton tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú àwo láàbù pàápàá, àwọn oní-CD25 ń dá àwọn yòókù dúró. Irú ìtọ́kasí bẹ́ẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí kò gbà tẹ́lẹ̀, wúwo ju ọgọ́rùn-ún ìtọ́kasí ọ̀rẹ́ lọ.

Ẹ̀rí mìíràn gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò wá. Brunkow àti Ramsdell, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Bothell, ní ìpínlẹ̀ Washington, ń wá jíìnì tó bàjẹ́ lára ẹ̀yà eku kan tí wọ́n ń pè ní scurfy, tí akọ rẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Wọ́n rí i ní 2001, wọ́n sì pè é ní Foxp3. Jíìnì yìí kan náà ló bàjẹ́ lára àwọn ọmọkùnrin tó ní àìsàn IPEX, àìsàn tó le gan-an tí ara ọmọ fi ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Ní 2003, Sakaguchi, Shohei Hori àti Takashi Nomura so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ nínú ìwé ìròyìn Science: Foxp3 ló ń darí bí Treg ṣe ń di Treg, bí wọ́n bá sì fi í sínú sẹ́ẹ̀lì T lásán, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kun. Láàbù méjì mìíràn ní Amẹ́ríkà sọ ohun tó jọ ọ́ lọ́dún kan náà.

Láti ìgbà yẹn ni ìtọ́kasí ti ń wá láti ibi gbogbo. Àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ fẹ́ dín Treg kù, torí ó máa ń kóra jọ sínú kókó jẹjẹrẹ, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó kù rí i bá jà. Àwọn tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ ọmọdé, tàbí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, fẹ́ kó pọ̀ sí i ni.

Àwọn tó ń tún iṣẹ́ náà ṣe pàápàá ń tọ́ka sí i. Lára èèyàn, CD25 nìkan kò tó, torí sẹ́ẹ̀lì T lásán náà máa ń gbé e wọ̀ nígbà tó bá ń jà. Ní 2006, àwọn olùwádìí fi hàn pé Treg èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà mìíràn tó ń jẹ́ CD127 lára, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ láàbù fi ń wo méjèèjì pọ̀ báyìí: CD25 tó pọ̀, CD127 tó kéré.